Ẹ Ra Ọbẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Òkèlè: Ìtàn Gààrí àti Ọ̀wọ́ngógó ní Etí Ọ̀sà Wa

*Ọ̀RỌ̀ ÌLERA TI Ọ̀SẸ̀ YÌÍ*

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ kà á tán. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ ilé kà á sí i létí.

Ní ọjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn ìyá kan níwájú onígààrí. Ó ka owó ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ra gààrí kọ́ńgò méjì. Lẹ́yìn náà ó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja ṣàwá, ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ó mi orí, ó sì kọjá lọ. Ó wí fún ọmọ tó tẹ̀ lé e pé, "Ata àti epo ti tó. Ká ṣáà ti yó ná."

A kò lè bá ìyá náà wí. Gbogbo wa la ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí owó bá kéré, òkèlè la kọ́kọ́ ń rà, nítorí òun ló ń kún ikùn. Ohun tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀ la kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Àwọn àgbà ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ebi méjì ló wà: ebi ikùn wà, ebi ara sì wà. Gààrí lè lé ebi ikùn lọ, kí ebi ara sì jókòó síbẹ̀, kó máa jẹ èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ebi kejì yìí ti ṣe ní agbègbè tiwa níbí ni mo fẹ́ pa ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí.

*Bí gààrí ṣe di oúnjẹ wa*

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn míì ń pè ní pákí, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìhà Bùràsíìlì ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí etíkun Áfíríkà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì tí wọ́n sì rí ọ̀nà padà wá sí Èkó àti Àgbádárìgì, ló jẹ́ kí ọgbọ́n gààrí yíyan tàn kálẹ̀ láàárín wa. Ẹ̀gẹ́ kò yan ilẹ̀ jẹ. Ilẹ̀ yanrìn tí iṣu kò ní fẹ́, ẹ̀gẹ́ á ta níbẹ̀. Bí òjò bá pẹ́, kò ní kú. Nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kún, gààrí ni òṣìṣẹ́ lè rà, ni ó lè tọ́jú pẹ́, ni ó sì lè fi omi tútù mu bí kò bá sí igi ìdáná.

Ẹ̀yin ará Ìpakodò mọ ọ̀nà tí oúnjẹ fi ń dé Èkó láyé ìgbà yẹn. Ọ̀sà ni títì wa. Ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra láti ẹ̀bá odò wa níbí, á kó ẹrù oko láti Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, á sì já a sí Èkó. Ẹnu ọ̀nà yìí ṣe pàtàkì débi pé wọ́n jà lé e lórí: ní ọdún 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ó sì di oṣù Kẹta ọdún náà kí àwọn ọmọ ogun tí Gómìnà Glover rán láti Èkó tó lé wọn lọ. Ọ̀nà ọjà ni wọ́n ń jà sí. Ẹni tó bá di ọ̀nà oúnjẹ mú, ó di ọrùn ìlú mú.

*Nígbà ogun Hitler*

Ọ̀wọ́ngógó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀yin àgbà, ó ṣeé ṣe kí ìyá yín ti sọ ọ̀rọ̀ "ìgbà ogun Hitler" fún yín. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ọkọ̀ òkun tó ń kó ọjà wá dín kù. Nígbà tí àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Bọ́mà ní 1942, ìrẹsì tó ń ti ibẹ̀ wá dáwọ́ dúró. Àwọn sójà pọ̀ ní Èkó, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ jẹun. Owó gààrí gòkè, owó ẹran gòkè, owó ẹ̀wà gòkè.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn yóò dá sí i. Wọ́n fi ọ̀gágun kan, Captain Pullen, sí ìdí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní Èkó. Wọ́n fi iye lé ọjà, wọ́n sì ṣí ìsọ̀ ìjọba tí wọ́n ti ń tà á ní iye tí wọ́n fi lé e. Lójú, ó dà bí àánú. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi lé e kò tó iye tí àwọn obìnrin ọjà fi ń rà á lóko, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ àti owó alágbàrù. Ta ni yóò ra ọjà ní sílè mẹ́ta tí yóò tà á ní méjì? Gààrí pòórá ní gbangba. Ó lọ sápamọ́, wọ́n sì ń tà á níkọ̀kọ̀ ní iye tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ìyá tò sí ìsọ̀ ìjọba láti àárọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Obìnrin kan ló dúró níwájú àwọn yòókù: Àlímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, ẹlẹ́ja, olórí ọjà Ẹrẹ́kò àti olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọjà. Ní oṣù Kejìlá 1940, òun àti àwọn obìnrin ọjà ti jáde nítorí owó orí tí wọ́n fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún; ìjọba sì sún un sókè sí £200. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Pullen dé, ó tún kọ̀. Ìwé ìtàn sọ pé Pullen fi £100 lóṣooṣù lọ̀ ọ́ kó lè ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, kò gbà á. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, wọ́n sì lò ju ogójì ọjọ́ lọ, nítorí pé owó oṣù wọn kò ká oúnjẹ mọ́. Àwọn obìnrin ọjà kò ya ara wọn sọ́tọ̀. Wọ́n ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti mú ètò iye ọjà náà kúrò ní Èkó.

Ìdí tí mo fi rán yín létí ìtàn yìí ni pé ó kọ́ wa ní ohun méjì. Èkínní, àṣẹ láti òkè kò fi bẹ́ẹ̀ sọ oúnjẹ di ọ̀pọ̀. Èkejì, àwọn obìnrin tí kò ní ipò, tí kò ní ìwé, rí ọ̀nà gbà nítorí pé wọ́n jọ ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n Èkó jà lórí iye gààrí, wọ́n sì borí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí dáadáa nígbà náà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tó ń jẹ gààrí nìkan. Ẹ̀pẹ́ ni ìtàn náà ti hàn kedere.

*Àìsàn ẹsẹ̀ àti ojú ní Ẹ̀pẹ́*

Láti nǹkan bí ọdún 1930 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Moore ti ń kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Gúúsù Nàìjíríà tí ojú wọn ń ṣú, tí ẹnu àti ahọ́n wọn ń bó. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà tún rí irú rẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, dókítà ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, gbé ọ̀rọ̀ náà rù. Ó yẹ àwọn aláìsàn wò, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀, ó wo oúnjẹ wọn, ó wo ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ohun tó rí nìyí. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà á kú tipiri, tí ẹni náà kò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni òun tẹ̀ tàbí fùlùfúlù. Á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn, pàápàá lálẹ́ nígbà tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ojú á máa ṣú. Etí á máa di. Àwọn èèyàn á ní ogbó ni, tàbí kí wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣuntókun rí i pé ohun kan so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀: ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀gẹ́ lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan nínú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, ohun kan wà tó máa ń di oró tí wọ́n ń pè ní sayanáìdì nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ náà. Àwọn ìyá wa kò kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́míkà, síbẹ̀ wọ́n mọ bí a ṣe ń lé oró yẹn lọ. Wọ́n á bó èèpo, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí omi rẹ̀ yóò fi jáde tí yóò sì kan. Wọ́n á fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, wọ́n á yan án lórí iná gbígbóná. Omi tó ṣàn jáde àti oru tó gòkè, oró ni wọ́n ń gbé lọ. Gààrí tí wọ́n ṣe dáadáa kò ní májèlé tó lè pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìkánjú yan án lọ́jọ́ kejì nítorí pé ọjà ń yá, oró á ṣẹ́kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọlọ́run sì dá ara wa lọ́nà tó lè pa ìyókù oró yẹn. Àmọ́ ara kò lè fi ọwọ́ lásán ṣe iṣẹ́. Inú oúnjẹ tó ń kọ́ ara, bí ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà, ló ti ń rí ohun èlò tó fi ń pa á. Ẹ ṣé ẹ ti rí i? Ẹja inú ọbẹ̀ kì í ṣe fún adùn nìkan. Òun ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró ti gààrí. Ẹni tó bá yọ ẹja tó fi gààrí sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ló lé lọ, tó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gba àwọn aláìsàn yẹn sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ oríṣiríṣi, àmì oró náà lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n padà sí oúnjẹ tiwọn nílé, ó tún gòkè.

Àìsàn yìí kò tán pẹ̀lú ayé àtijọ́ o. Ní ọdún 2000, àwọn oníṣègùn kan tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ìlú Òṣósà, ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, èèyàn 6 nínú 100 ló ní in. Nínú àwọn ọkùnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 nínú 100. Nínú àwọn obìnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8. Nínú àwọn ìyá tó wà láàárín ọdún 60 sí 69, ó tó 24 nínú 100. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ẹ̀bi sayanáìdì ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀ àti bí ti àìtó àwọn èròjà míì ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé oúnjẹ kan ṣoṣo láràárọ̀ àti lálaalẹ́ dára fún ara.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákẹ́ díẹ̀ lórí iye yẹn. Obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ ní ìlọ́po méjì. Mi ò ní sọ fún yín pé mo mọ gbogbo ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: nínú ilé yín, ta ni wọ́n ń bu ẹja fún kẹ́yìn? Ta ni ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀ nígbà tí bàbá àti àwọn ọmọ bá ti jẹ tán? Ìyá tó ń pebi mọ́nú kí ọmọ lè yó, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ìyá bá kú, ta ni yóò lọ sọ́jà?

*Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ san gbèsè náà*

Bí ó bá ń pẹ́ kó tó mú àgbàlagbà, kì í pẹ́ lára ọmọdé. Ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, rí àwọn ọmọ kan tí ẹsẹ̀ àti ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń ṣí. Ó kọ̀wé nípa wọn ní 1933. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gã fúnra wọn ń pè é: kwashiorkor, àìsàn tó ń mú ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú orúkọ yẹn. Àwọn ìyá Gã ti rí i kí dókítà tó rí i: ọmọ kúrò lẹ́nu ọmú, ó bọ́ sórí ògì àgbàdo lásán. Ikùn rẹ̀ ń yó. Ara rẹ̀ ń pebi.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, láti nǹkan bí 1956, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley, láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Dípò kí wọ́n dúró de ọmọ tó ti wú kó tó dé, wọ́n ń wọn gbogbo ọmọ lóṣooṣù, wọ́n sì ń fi àmì sórí káàdì tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sílé. Bí ìlà inú káàdì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà náà bá dúró sójú kan tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá àti nọ́ọ̀sì á tètè mọ̀, wọ́n á sì tún oúnjẹ ọmọ ṣe kí àìsàn tó wọlé. Irú káàdì yẹn tàn ká gbogbo ayé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wọn ọmọ yín tó sì fi àmì sí ìwé, ẹ má kà á sí ìfàkókòṣòfò. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti gbé e dán wò.

*Kí ni kí á ṣe wàyí?*

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé, "O ti sọ̀rọ̀ tán, owó ńkọ́?" Owó kò pọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí a ń gbà ná an ni kí á yí padà. Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí:

*Ẹ ra ọbẹ̀ kí ẹ tó ra òkèlè.*

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ kọ́kọ́ yọ owó ohun tó ń kọ́ ara sọ́tọ̀. Owó tó bá kù ni kí ẹ fi ra gààrí. Bí gààrí bá dín ní ìwọ̀n ife kan, kò sí ẹni tí yóò kú. Bí ẹja tàbí ẹ̀wà bá sọnù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ara á béèrè é.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Nínú gíráàmù 100 gààrí, ohun tó ń kọ́ ara kò ju gíráàmù 1 tàbí 2 lọ. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó 23. Nínú ẹ̀pà, ó tó 25. Nínú sóyà, ó lé ní 35. Ẹyin kan ṣoṣo ní tó gíráàmù 6. Ìyẹn ni pé ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan ju abọ́ ẹ̀bà ńlá lọ ní ti èyí.

1. *Ẹ̀wà ni ẹran tálákà, kì í ṣe ohun ìtìjú.* Àkàrà, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì, ẹ̀kuru: iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ gààrí rírẹ, ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sí i. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń jẹ gààrí pẹ̀lú ẹ̀wà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

2. *Ẹja kékeré ló ń gbọ́ bùkátà.* Ẹ má dúró de ẹja ńlá. Ṣàwá, edé, ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́: ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ dà á sínú ọbẹ̀, kó lè kan gbogbo abọ́. Bí ẹja bá wà ní odindi, ẹni kan ló ń jẹ ẹ́. Bó bá di lílọ̀, kò sí ẹni tí kò ní kàn. Egungun ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ mọ́ ọn tún dára fún egungun wa, pàápàá ẹ̀yin àgbà.

3. *Irú, ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́.* Irú kì í ṣe fún òórùn nìkan, oúnjẹ ni. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú tàbí gbúre sí ẹ̀yìnkùlé tàbí sínú àpò àti rọ́bà tó ti fọ́. Ewé tí a gbìn kì í béèrè owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

4. *Ògì ọmọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ògì lásán.* Ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ẹ̀pà, sóyà tí ẹ ti yan, tàbí edé sínú ògì, tàbí kí ẹ po ẹyin tó ti jinná mọ́ ọn. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú kíákíá nítorí pé oyún dé. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè ná.

5. *Ẹ mọ ẹni tó yan gààrí yín.* Gààrí tó kan dáadáa, tó gbẹ, tó dún yẹ́kẹ́yẹ́kẹ́ lọ́wọ́, òun ló ti dúró nínú àpò pẹ́. Ẹ̀yin tó ń yan án fún títà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkánjú gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú.

6. *Ẹ jọ rà á.* Ibí yìí ni mo ti padà sọ́dọ̀ Pẹlẹ́wúrà. Ẹni mẹ́wàá tó ń ra ẹ̀wà ní kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan ń san ju ẹni mẹ́wàá tó dá owó jọ ra àpò kan lọ. Ẹgbẹ́ tó ń dá èésú lè yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣù fún àpò ẹ̀wà, kí wọ́n sì pín in lójú gbogbo èèyàn pẹ̀lú kọ́ńgò kan náà. Ẹ sá ẹ̀wà náà kó gbẹ, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, kó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pa tí afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Kòkòrò kò ní lè mí níbẹ̀. *Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sílé sórí ẹ̀wà láé.* NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀. Oró yẹn kì í bọ́ pẹ̀lú fífọ̀.

7. *Ìyá náà gbọ́dọ̀ jẹ.* Ẹ bu ẹja tiyín sọ́tọ̀ kí ẹ tó pín ti àwọn yòókù. Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá rí i pé abọ́ ìyàwó yín kò ní nǹkan kan nínú, ẹ gé nínú tiyín fún un. Ìyẹn náà jẹ́ ìtọ́jú ilé.

*Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ díẹ̀*

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, tó ń ṣe é bí èèrà, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó má jókòó sílé kó máa fi gààrí ṣe àlàyé. Ìtọ̀ ṣúgà lè fà á, ọtí lè fà á, àìsàn míì lè fà á. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ yín wò. Bí ọmọdé bá wú lẹ́sẹ̀ tàbí tí irun rẹ̀ ń pọ́n, ẹ má fi ọ̀la ṣe ọjọ́ tí ẹ ó gbé e lọ, òní ni.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú gààrí o. Gààrí ló gbé àwọn ìyá wa dé ibí, òun ló kún ọkọ̀ tó ń kúrò ní ẹ̀bá odò wa lọ sí Èkó, òun ló bọ́ òṣìṣẹ́ nígbà ogun. Ohun tí mo ní ni pé kí gààrí má dá wà lórí tábìlì yín. Kó ní ẹnìkejì nígbà gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà.

Nígbà míì tí ẹ bá dúró láàárín onígààrí àti ẹlẹ́ja, tí owó ọwọ́ yín kò ká méjèèjì, ẹ rántí ẹsẹ̀ àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣe yín láǹfààní, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ẹ sì kà á fún ìyá kan tí kò ní fóònù.